Obìnrin Alágbẹ̀dẹ Tí Kò Gba Ẹ̀bùn

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Akọ̀tàn kú. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì mọ ìgbà tí ọwọ́ náà kò di tirẹ̀ mú mọ́.

Nígbà tí wọ́n ń sin ín, bàbá Akọ̀tàn wá. Ó dúró sí òdìkejì ibojì, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, kò wo ọkọ ọmọ rẹ̀ lójú. Ẹnì kan nínú àwọn ará ibi iṣẹ́ olóògbé fẹ́ mú àwọn méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Arúgbó náà ní, "Èmi ò ní àna. Ọmọ ni mo ní, mo sì ti sin ín."

Ọkọ gbọ́. Ó ti gbọ́ èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu bàbá yìí rí, kò sì pa á. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sínú ara rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìfẹ́ yìí kò ṣẹlẹ̀, kó kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Àga títún ṣe ni iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Àwọn ló ránṣẹ́ pè é. Ìjókòó ni olórí iṣẹ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀. Wọ́n á jókòó láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á fi ìdí lọ àga títí fóòmù inú rẹ̀ á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká, obìnrin ayàwòrán wọn tí wọ́n ń pè ní Dígí, nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò, pariwo pé, "Alága ti dé! Gbogbo ilé, ẹ dìde!" Gbogbo wọn sì dìde lóòótọ́, nítorí àga abẹ́ wọn ló wá kó. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ ọn lórí. Alága.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ náà ní ìṣe kan. Bí géèmù tí wọ́n ń ṣe bá dé ibì kan, wọ́n á wá ẹni tí kò fọwọ́ kan géèmù rí, wọ́n á fi í jókòó, wọ́n á máa wò ó. Wọn kì í kọ́ ọ, wọn kì í ta á lólobó. Àṣìṣe rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ki pẹ́ńsùlù bọ inú irun, dúró lórí Alága níbi tó ti ń dè nọ́ọ̀tì.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí. Ìlú kan ló wà níbẹ̀. Ẹ máa rìn káàkiri. Ẹni tó bá wù yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"Tí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ bà á jẹ́. Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Akọ̀tàn nìyẹn. Òun ló ń ṣètò ìfẹ́ inú géèmù náà. Ẹni mẹ́rin ló dá sínú ìlú tí arìnrìn-àjò, ìyẹn ẹni tó bá jókòó ti géèmù náà, lè dẹnu ìfẹ́ kọ, kò sì sí méjì tó bára mu nínú wọn. Ọkùnrin atukọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yára fẹ́ràn ènìyàn, tó sì tún yára gbàgbé. Opó kan wà tí kò ní rẹ́rìn-ín sí ọ àfi tí o bá kọ́kọ́ bá a ṣọ̀fọ̀. Ọmọ ogun kan ti fẹ́ràn ẹlòmíràn kí o tó dé, kò sì sí ohun tí o lè ṣe sí i. Ẹni kẹrin ni obìnrin alágbẹ̀dẹ.

Alágbẹ̀dẹ ló wu Alága, nítorí òòlù ọwọ́ rẹ̀. Ó fún un ní òdòdó, ó fún un ní irin tó dára, ó wá ẹ̀gbà ọrùn kàn. Bí obìnrin náà bá ti la ẹnu, Alága á tẹ bọ́tìnnì kí ọ̀rọ̀ lè tètè kọjá, kí òun lè rí ibi tí òun á ti fún un ní òmíràn. Níkẹyìn ó fún un lẹ́ṣin, ó sì ní kó fẹ́ òun.

Obìnrin inú géèmù náà gbé òòlù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde sí abẹ́ àwòrán: *O ti kó ọjà wá títí ilé mi ò gbẹsẹ̀ mọ́. O ò bi mí ní nǹkan kan rí.* Ó sì padà sídìí ẹwìrì rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe obìnrin yìí?" Inú bí Alága. "Mo fún un lẹ́ṣin!"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Dígí ní, "Alága, bóyá ẹṣin yẹn ni kí ẹ kúkú fẹ́."

Akọ̀tàn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Kí lorúkọ ẹ̀?" ló bi í.

"Orúkọ ta?"

"Obìnrin tí ẹ fún lẹ́ṣin."

Alága wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ilẹ̀.

"Ó sọ ọ́ fún yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wọlé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ fò ó."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti padà síbẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé àga kan ń ké. Kò sí àga tó ń ké. Ó tún àga Akọ̀tàn ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ó tún ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ ṣe, ó tún agboòrùn rẹ̀ ṣe, ó bá a lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Akọ̀tàn á ní, "Ẹ ṣé o, Alága," ohùn kan náà tó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Lọ́jọ́ kan ó fi igi tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan àga tuntun, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé obìnrin náà.

"Mi ò gbà á," ni Akọ̀tàn wí.

"Kí ló dé? Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára gan-an. Ẹ gbé e padà."

Ó gbé e padà, ó rù ú, ọ̀sán gangan. Àwọn tó jókòó sí ìta ń pè é: "Bàbá, ènìyàn ló ń jókòó sórí àga, àga kì í jókòó sórí ènìyàn o!" Ìtìjú bò ó, ìbínú sì wà nísàlẹ̀ ìtìjú. Kí ló tún kù tí òun kò ṣe? Bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ pé ohun tó bá bàjẹ́, tún un ṣe, má béèrè ẹni tó bà á jẹ́. Òun kò bi àga ní nǹkan kan rí, àga kò sì bínú sí i. Àbí ó ti pẹ́ jù fún irú òun láti wá ìyàwó ni? Àbí obìnrin tó ń dá ìfẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi ọkùnrin ṣe?

Dígí ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé àga kankan wá.

"Ṣé òun ló rán ẹ?" ni Alága béèrè.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Àánú ló rán mi. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, òòlù lẹ fi ń wá ìyàwó."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ tún ń bi mí! Ṣé èmi lẹ fẹ́ fẹ́ ni? Ẹ lọ bi òun."

"Tó bá ní òun ò fẹ́ mi ńkọ́?"

Dígí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ óò ti gbọ́ èsì. Abèèrè kì í ṣìnà, Alága. Ẹlẹ́ṣin ló máa ń ṣìnà."

Ní ìsinmi ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó bá Akọ̀tàn lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ilé iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ òfo jókòó, ọwọ́ náà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Mo ní ìbéèrè kan," ó wí. "Kí ló dé tí alágbẹ̀dẹ yẹn ò fẹ́ ẹ̀bùn?"

Akọ̀tàn jẹ oúnjẹ ẹnu rẹ̀ tán kó tó dáhùn. Ó ní ìyá òun kú nígbà tí òun wà ní kékeré. Bàbá òun, tó jẹ́ awọnlẹ̀, dé láti ibi ìsìnkú, ó sì ra kẹ̀kẹ́ fún òun. Nígbà tí òun tún sunkún, ó ra bàtà. Ó ra bèbí, ó ra aago. "Ilé wa kún dẹ́múdẹ́mú. Ọkùnrin tó lè sọ ibi tí ilẹ̀ onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kò bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló ń dùn mí. Mo wá sọ fún ara mi pé tí mo bá máa dá ènìyàn kan láyé yìí, ì báà ṣe inú géèmù, mi ò ní dá ẹni tí wọ́n lè fi ọjà dí lẹ́nu."

Ó wà lẹ́nu Alága láti sọ pé òun á ṣe èyí, òun á tún tọ̀hún ṣe. Ó gbé e mì. Ó ní, "Kí lorúkọ ìyá yín?"

Akọ̀tàn yíjú sí i. "Orúkọ alágbẹ̀dẹ yẹn náà ni," ó wí. Ó sì sọ orúkọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Alága gbọ́ ọ.

Láti orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Kò yára. Kí ọdún tó yí po, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, àga tí Akọ̀tàn kọ̀ sì ti wọ yàrá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá gbé e ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ń gbà á báyìí nítorí pé Alága ti mọ irú ẹ̀yìn tó fẹ́ fara tì í.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í wọlé kí ọ̀tá má kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Abẹ́ tábìlì tó súnmọ́ ibi tí ọ̀gá àti Akọ̀tàn ti ń sọ̀rọ̀ ni Alága wà tó ń dè nọ́ọ̀tì.

"Ìfẹ́ yín yìí ti díjú jù," ni ọ̀gá wí. "Kí gbogbo ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbà. Tí a bá ti fún wọn lẹ́bùn tó, kí àmì ọkàn pupa kún, kí wọ́n fẹnu konu, kó parí. Ta ló máa fowó ara ẹ̀ ra géèmù kí wọ́n wá sọ fún un pé wọn ò fẹ́ ẹ?"

"Ẹni tó ti nífẹ̀ẹ́ rí, sà."

"Ẹ yọ ọ́."

"Ẹ yọ èmi náà mọ́ ọn." Alága gbọ́ tí àpò rẹ̀ balẹ̀ gbì lórí tábìlì. "Obìnrin tí kò lè sọ pé 'rárá', 'bẹ́ẹ̀ ni' rẹ̀ kò wúlò. Mi ò ní kọ ọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn kó kọ ọ́."

Ọ̀gá dúró, ó mí kanlẹ̀, ó lọ. Kò yọ ọ́. Kò tún dá a lẹ́kun mọ́.

Bàbá Akọ̀tàn le ju ọ̀gá lọ. Àwọn méjèèjì lọ bá a nílé. Àwòrán ilẹ̀ ló kún ara ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn àga rẹ̀ wá láti ọjà ṣì wà lára wọn. Alága rí i pé kò sẹ́ni tó ń jókòó níbẹ̀, ó sì bá àga náà kẹ́dùn.

"Kí niṣẹ́ ẹ?"

"Àga ni mò ń tún ṣe, sà."

"Mo gbọ́ pé Alága ni wọ́n ń pè ẹ́. Alága ìgbìmọ̀ wo?"

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Akọ̀tàn wí.

"Mo ń bá alága sọ̀rọ̀. Kí lo gbé wá?"

"Mi ò gbé nǹkan kan wá, sà."

"O wá bèèrè ọmọ mi, o ṣánpá wá?"

"Ìbéèrè ni mo mú wá, sà. Irú ọmọ wo ló jẹ́ nígbà tó wà ní kékeré?"

Ojú bàbá ń wá nǹkan lára ògiri. "Mo ra kẹ̀kẹ́ fún un," ó wí. Òun náà gbọ́ bí ó ṣe dún, ìyẹn ló sì bí i nínú. "Mo rán ọmọ yìí níwèé títí ìwé fi tán! Ó ní ìfẹ́ lòun fẹ́ máa kọ sínú géèmù, mo gbé e mì. Ó wá fẹ́ lọ fẹ́ atún-ìdí-àga-ṣe! Mi ò fọwọ́ sí i. Ní ojú mi báyìí, kò ṣeé ṣe."

"Bàbá mi, mi ò wá gba àyè," ni Akọ̀tàn wí. "Mo wá sọ fún yín ni."

"Tó o bá bá a jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí, má padà wá o."

"Ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá pè mí ni màá wá. Ṣùgbọ́n mo ti ń jáde báyìí, Bàbá."

Ó sì jáde. Alága kí bàbá, ó tẹ̀ lé e. Lójú títì, Akọ̀tàn jókòó sí etí gọ́tà, ó sunkún. Alága kò ra nǹkan kan fún un. Ó jókòó tì í, ó ní, "Kí ló ń dùn ẹ́ jù níbẹ̀?"

Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Dígí ló fọwọ́ sí ìwé fún wọn. Ó fi ojú súnmọ́ bébà tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé fi bi í bóyá òun ni ìyàwó, tó fẹ́ fẹnu ko ìwé.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kò dùn bí oyin. Wọ́n jà. Wọ́n jà lórí fèrèsé, lórí àpò irinṣẹ́ tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, lórí ọmọ tí kò dé. Akọ̀tàn á jí lọ́jọ́ kejì, á kọ ìjà náà sínú géèmù. Nínú ayé tó dá, ìgbéyàwó kì í parí ìtàn. Ẹni tó bá fẹ́ alágbẹ̀dẹ, tó sì dákẹ́ ìbéèrè lẹ́yìn ìgbéyàwó, á jí lọ́jọ́ kan, á rí i pé iná àgbẹ̀dẹ ti kú, pé obìnrin náà ti lọ. Àwọn tó ra géèmù náà bú u: kí ni ìtumọ̀ eléyìí? Àwọn míràn sì ránṣẹ́ pé àwọn ti lọ bi aya àwọn ní nǹkan.

Lọ́dọọdún ló ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá á gbé e, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dé, tí ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. "Bi mí ní nǹkan."

"Kí lo fẹ́ kí n bi ẹ́?"

"Ohun tí o kò tíì mọ̀."

Ó sì máa ń rí ọ̀kan.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé ìsìnkú, lọ́sàn-án, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, dírẹ́bà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo wá kó ẹrù ọmọ mi."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kò sí ẹrù tó ń jáde nínú ilé yìí."

"Lórúkọ ta?"

"Lórúkọ ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan rẹ̀, kó wá jókòó síbí wò ó. Ilẹ̀kùn ò ní tì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé e."

Wọ́n wo ara wọn. Alága ti pinnu pé bí ọ̀pá yẹn bá gòkè, òun kò ní yẹ̀. Ọ̀pá kò gòkè. Bàbá wọlé. Ó yí ojú ká yàrá náà, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Èyí ni nǹkan tó ń ṣe?"

"Òun ni, sà."

Bàbá jókòó sórí àga ọmọ rẹ̀. Alága tan kọ̀ǹpútà, ó fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń rìn hàn án, ó sì fà sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ gbera, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé iṣẹ́ náà. Bàbá rìn gba inú ìlú. Ó dé ilé alágbẹ̀dẹ. Bí obìnrin náà ti la ẹnu, bàbá tẹ bọ́tìnnì, ó fò ó. Ó fún un ní òdòdó. Ó fún un ní wúrà, ó fún un lẹ́ṣin. Ó ń ṣe é kíákíá, bí ẹni tí ilẹ̀ ń ṣú bá. Obìnrin náà gbé òòlù sílẹ̀.

*O ti kó ọjà wá títí ilé mi ò gbẹsẹ̀ mọ́. O ò bi mí ní nǹkan kan rí.*

"Kí ló ń ṣe obìnrin yìí?" ni bàbá wí. "Mo fún un lẹ́ṣin."

Ìdáhùn wà lẹ́nu Alága. Kò sọ ọ́. Ọmọ bàbá ti sọ ọ́ fún un ní gbogbo ọ̀nà tó mọ̀. Kì í ṣe òun ló máa fò ó fún un.

Bàbá padà sí ẹnu ọ̀nà ìlú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí alágbẹ̀dẹ la ẹnu, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń kà á. Obìnrin náà kí i káàbọ̀, ó sì sọ orúkọ rẹ̀.

Bàbá ka orúkọ aya rẹ̀ tó ti kú. Ó tún un kà sókè, bí ẹni tó ń pe ènìyàn nínú yàrá kejì.

Ẹwìrì ń fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Dírẹ́bà wú ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Alága," ni bàbá pè é níkẹyìn, kò sì sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. "Kí ló máa ń pa ọmọ mi lẹ́rìn-ín?"

Alága fa àga kejì, èyí tí ó rù padà sílé lójú gbogbo ayé lọ́jọ́sí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó náà, ó jókòó.

"Ẹ ní kí dírẹ́bà máa lọ, sà. Èsì yìí ò kéré."

Ohun tí Akọ̀tàn fi sílẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà kan, tí ìka ti pa lẹ́tà ojú bọ́tìnnì rẹ̀ rẹ́. Àga méjì, ọ̀kan tó fara tì, ọ̀kan tó kọ́kọ́ kọ̀. Pẹ́ńsùlù, nínú gbogbo ife tó wà nínú ilé. Agboòrùn tí wọ́n tún ṣe. Atukọ̀ tó ń gbàgbé, opó tí kò tètè rẹ́rìn-ín, ọmọ ogun tó fẹ́ràn ẹlòmíràn. Obìnrin alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀, tí iná rẹ̀ kò tíì kú. Bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Ọkọ kan.